Orí Tí Ṣìmíò Fá

Oríṣi oògùn méjì ni wọ́n máa ń fà sí ìyàwó mi lára níbi ṣìmíò, ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀: ọ̀kan mọ́ bí omi, èkejì pupa fòò. Kì í wo èyí pupa yẹn. Ogiri ló máa ń wò, èmi a sì máa wo ojú rẹ̀, torí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Tó bá ti tán, wọ́n á ní ká máa lọ sílé. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú jẹjẹrẹ ọmú náà nìyẹn: ká jí láti Pobè lọ sí Kùtọnu, ká gba oògùn, ká padà lọ́jọ́ kan náà.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, dọ́kítà sọ fún wa pé àrùn náà ti dé egungun ẹ̀yìn. Ó ní oògùn á kàn máa dá a dúró díẹ̀ ni, kò ní lé e lọ. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, síbẹ̀ inú bí mi sí i. Nínú táàsì, ìyàwó mi ní, "Mi ò padà síbẹ̀ mọ́." Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó kọjú sí fèrèsé.

Ní Sakété, awakọ̀ dúró ra epo lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan tó ń ta epo mọ́tò nínú ìgò lẹ́bàá títì. Bí òórùn epo ṣe wọlé báyìí ni ìyàwó mi ṣílẹ̀kùn, ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Mo di èjìká rẹ̀ mú. Gèlè rẹ̀ bọ́, orí rẹ̀ sì ń dán. Oògùn ti kó gbogbo irun rẹ̀ lọ.

Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin kì í dédé fá orí àfi tí ọkọ rẹ̀ bá kú. Aṣọ dúdú ni ìyàwó mi tún ró, torí eébì kì í hàn lára rẹ̀. Ìyá náà gbé àrọ tó fi ń rọ epo sílẹ̀, ó bu omi wá, ó lóṣòó tì í.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. O kú ará fẹ́ra kù o."

Mo lanu láti sọ pé èmi ọkọ rẹ̀ rèé, mo wà láàyè. Ìyàwó mi fún mi lọ́wọ́ pọ̀. "Ẹ ṣé, ìyá," ló wí.

Ìyá náà fẹnu tọ́ka sí mi. "Àbúrò ọkọ rẹ rèé?"

"Hẹn, òun ni."

Ni ìyàwó mi bá rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Inú mi dùn, ó sì tún dùn mí wọra. Mo ní lọ́kàn mi pé ì bá kúkú jẹ́ òótọ́, kó jẹ́ èmi ni mo lọ, kí irun rẹ̀ sì hù padà.

Ìyá náà di ọwọ́ mi mú. "Ìwọ ló kù tó ní o. Tọ́jú ẹ̀. Má jẹ́ kó tẹ̀ lé ọkọ ẹ̀ lọ."

"N ò ní jẹ́ kó lọ, ìyá," ni mo wí.

Bí a ṣe jáde ní Sakété ni ìyàwó mi kọjú sí mi. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ ti ṣèlérí fún ìyá yẹn. N ó bá yín padà sí Kùtọnu lẹ́ẹ̀kan sí i, kó má baà di irọ́ mọ́ yín lẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ n máa lọ."

Mo ní ó dáa.