Ẹyẹ Tí Ìyá Yọ Lókè Ilẹ̀kùn

Ẹ wo bí mo ṣe gbaná jẹ n'Ísarà láàárọ̀ yìí, tí ìyá àgbà kan wá fi ẹyẹ igi kó ìtìjú bá mi!

Bàbá tó ń bá mi gbẹ́ àwọn ẹyẹ ọ̀ṣọ́ tí mò ń tà ṣèlérí méjìlá fún òní. Mọ́kànlá ni wọ́n kó fún mi.

"Bàbá, ìkejìlá ńkọ́? Oníbàárà mi ń dúró o!"

"Igi ẹ̀ ò tíì gbẹ. Tí mo bá fún ẹ báyìí, ó máa là. Orúkọ mi ló là yẹn."

Mo ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bàbá kọ̀ jálẹ̀.

Ni ìyàwó wọn bá dìde, wọ́n yọ ẹyẹ tó wà lókè ilẹ̀kùn wọn, wọ́n fi etí ìró nu eruku ẹ̀.

"Gba tèmi. Ọdún tí Bàbá fẹ́ mi ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Eléyìí ti gbẹ!"

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e kọ́ padà.

Mo pe oníbàárà mi, ó ní òun á dúró de ìkejìlá.

Ta ló ti yọ tiẹ̀ fún yín bẹ́ẹ̀ rí? Ẹ dárúkọ ẹ̀ síbí, ká bá yín dúpẹ́.