Ilẹ̀kùn Tí Kò Fẹ̀ Tó

Iṣẹ́ mi ni kí n máa mójú tó kíkọ́ ilé ìwòsàn pàjáwìrì kéékèèké ní àwọn abúlé Ẹ̀gbá tó jìnnà sí títì. Èmi kọ́ ni mo ń po sìmẹ́ǹtì, èmi kọ́ ni mo ń to búlọ́ọ̀kù. Èmi ni mo ń gbé téèpù àti àwòrán ilé kiri, tí mo ń wo iṣẹ́ kọngílá, tí mo sì ń fọwọ́ síwèé pé ó dára.

Abúlé kan wà lẹ́yìn Papalanto tí a kọ́ ọ̀kan sí. Nígbà tí ọjọ́ ìṣílé kù díẹ̀, kọngílá kó férémù ilẹ̀kùn onírin dé láti Láfẹ́nwá. Mo na téèpù sí èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé. Ó fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kéré sí ohun tó wà nínú àwòrán. Mo sọ fún un.

Ó rẹ́rìn-ín. "Injinníà, ta ni kò ní gba ibẹ̀ kọjá? Ẹ wo bí mo ṣe sanra tó." Ó wọlé, ó jáde, ó tún wọlé, ó ń mi ikùn rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó rẹ̀ mí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ̀gá mi pé iṣẹ́ mi pẹ́. Mo fọwọ́ sí i. Irú férémù yẹn náà ni wọ́n gbé sí abúlé méjì mìíràn, mo sì fọwọ́ sí ti ibẹ̀ pẹ̀lú.

Kò tó oṣù méjì tí wọ́n ṣílé, mo padà lọ wo ibi tí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ń sán. Bẹ́ẹ̀dì onítáyà tí wọ́n fi ń ti aláìsàn wà níta lábẹ́ ògiri. Mo bi nọ́ọ̀sì pé kí ló dé tí kò sí nínú ilé. Ó ní, "Kò gba ẹnu ọ̀nà, sà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì yín." Mo ní màá rí sí i. Mo ṣì ń sọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí a gbọ́ ariwo.

Ọkùnrin kan ló já bọ́ lórí ọ̀pẹ. Àwọn mẹ́rin gbé e dé, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì náà, wọ́n sì fẹ́ tì í wọlé. Irin kọlu irin. Wọ́n fà á sẹ́yìn, wọ́n tún tì í. Ọkùnrin náà ké.

"Ẹ dúró!" ni nọ́ọ̀sì pariwo. "Ẹ má gbé e mọ́! Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ lè ti ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ìta ló ti tọ́jú rẹ̀, nínú oòrùn ọ̀sán, lójú gbogbo abúlé. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fẹ́ gé ṣòkòtò rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà lóbìnrin sáré lọ kó àdìrẹ wá láti ilé rẹ̀. Aláró ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, aṣọ tó fẹ́ gbé lọ sọ́jà Abẹ́òkúta nìyẹn. Òun àti obìnrin mẹ́ta na àwọn aṣọ náà yí àbúrò rẹ̀ ká, wọn ò sì gbé ọwọ́ sílẹ̀ títí ọkọ̀ fi dé láti ìlú.

Aláró náà yíjú sí èmi àti nọ́ọ̀sì. "Ta ló kọ́ irú ilé báyìí? Ṣé wọn ò wọ̀n ọ́n ni?"

Nọ́ọ̀sì wò mí.

"Kọngílá ni, mà," ni mo wí.

Ọkùnrin náà yè, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló fi ń rìn. Nọ́ọ̀sì ní kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá títì tí wọ́n tì í mọ́ férémù ló dá kún un. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Mo mú bíríkìlà àti wẹ́dà tó ń jó irin lọ, a fọ́ ẹnu ọ̀nà náà, a fẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá aláró náà dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. "Injinníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá. Àwọn tí kò mọṣẹ́ ṣe tiwọn, ẹ̀yin wá tún un ṣe. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí àdánwò."

Àwọn òṣìṣẹ́ mi ń gbọ́. Mo fẹ́ ṣe àmín. Mo jẹ́wọ́ dípò rẹ̀:

"Mà, èmi ni mo fọwọ́ sí i. Mo wọ̀n ọ́n. Mo rí i pé ó kéré."

Ó tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti mọra, “ẹ” ló máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀, nítorí iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Ó ní, "O rí i? Lọ bá àbúrò mi nílé, kó o sọ fún un fúnra rẹ."

Mo lọ. Ọkùnrin náà jókòó síwájú ilé, ó ń yin àgbàdo. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ro ẹjọ́ ara mi láìbo ibì kankan. Ó gbọ́ tán, ó gbọn pàǹtí àgbàdo kúrò lára itan rẹ̀. Mo rò pé yóò bú mi. Ì bá sàn ká ní ó bú mi.

"Ibí nìkan lẹ fi irú ilẹ̀kùn yẹn sí?"

"Rárá, sà. Ó wà ní abúlé méjì mìíràn."

"Ẹ ti tún tiwọn ṣe?"

Mo wolẹ̀. Mi ò tilẹ̀ tíì rò ó kàn wọ́n. Ibi tí wọ́n ti rí mi nìkan ni mo sáré tún ṣe.

"Rárá, sà."

Ó mú àgbàdo mìíràn. "Kí lẹ wá ń ṣe níbí?"

Mo dìde, mo padà lọ bá bíríkìlà, mo ní kó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀.