Ọ̀sẹ̀ Tí Pọ́n-ùn Kò Dúró Dè Wá

Òórùn kòkó tútù tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò kì í ṣe òórùn tí àlejò ń fẹ́. Ó máa ń kan, ó máa ń ta síni nímú bí ẹmu àná, ṣùgbọ́n ní Ìpáò, òun ni òórùn owó ilé ìwé. Òun ló gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa lọ́sẹ̀ tí lẹ́tà dé láti yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé wọ́n ti gbà mí láti wá kàwé gboyè kejì, bí mo bá lè san ìdajì owó náà kí oṣù tó parí. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, mo ka lẹ́tà náà títí igun rẹ̀ fi ya.

Bàbá mi ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó sì tún fi ọdún gbọọrọ dúró de owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ san án. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n múra ká lọ sí báńkì ní Ìkọ̀lé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Obìnrin tó ń bójú tó owó òkèèrè níbẹ̀ fún wa ní fọ́ọ̀mù, ó fi báírò kọ iye náírà tí pọ́n-ùn kan jẹ́ lọ́jọ́ náà sí etí fọ́ọ̀mù náà, ó ṣírò ó, ó sì rẹ́rìn-ín. Owó Bàbá tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù díẹ̀. Ká ṣáà ti buwọ́ lù ú, ká dá a padà fún un.

Bàbá ti yọ báírò nígbà tí mo rán an létí ohun tí Ìyá mi sọ ká tó kúrò nílé. Ní sọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó bá máa sọdá òkun á kọ́kọ́ gbé ìwé rẹ̀ lọ sórí pẹpẹ lọ́jọ́ ìdúpẹ́, pẹ̀lú iṣu márùn-ún àti àkùkọ kan, kí Bàbá Fíkà gbàdúrà sí i. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan kọ̀, kò ṣe é, pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n ti dá a padà. Ìyá mi ti na ìka sí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà: “Ulé Olúwa ni ìwé yìí a kọ́ dé, kó tó dé ulé òyìnbó.”

“Ọlọ́run gbọ́ èdè báńkì,” ni Bàbá wí. “Jẹ́ kí n buwọ́ lù ú.”

“Ẹ jẹ́ ká dúró, Bàámi. Ọjọ́ márùn-ún péré ni.”

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, kì í ṣe ìbẹ̀rù Ọlọ́run ló sọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti fún aránṣọ ní léèsì. Mo fẹ́ kí àwọn tí a jọ jáde ìwé mẹ́wàá, tí wọ́n ń wò mí bíi pé mo ti há sílé, rí mi bí mo ṣe ń rìn lọ sí iwájú pẹpẹ. Bàbá wo ojú mi, ó sì dá báírò padà sápò.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ìjọba tú náírà sílẹ̀, wọ́n ní ọjà ni kó máa sọ iye tó jẹ́. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ aránṣọ ni mo wà.

Ìdúpẹ́ náà dùn. Bàbá Fíkà gbé ọwọ́ lé fọ́ọ̀mù náà, ìjọ ṣe àmín tí òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí, àkùkọ Ìyá mi sì ń ké lábẹ́ àga. Bàbá mi, tó máa ń dúró ṣánṣán nínú sọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣèdánwò, jó lọ́jọ́ náà títí agbádá fi bọ́ léjìká rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin báńkì kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìlà sórí iye tó kọ sí etí fọ́ọ̀mù, ó kọ òmíràn sókè rẹ̀. Owó Bàbá tó pọ̀ ju iye náà lọ lọ́jọ́sí kò tó mọ́, àlàfo tó wà níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí kòkó ẹ̀yìnkùlé lè dí.

“Àǹtí, ọwọ́ yín ló kọ ti àkọ́kọ́ yìí!”

“Ọwọ́ mi ni, àbúrò mi. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Ti òní ni mò ń tà.”

Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dìde. Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé kò yà á lẹ́nu. Níbi tí a ti ń dúró de ọ̀kadà ni mo bi í, kò sì purọ́: ó ti gbọ́ lórí rédíò láti Ọjọ́rú, ó sì ti ṣírò ó fúnra rẹ̀.

“Kí lẹ wá ń jó fún?”

“O ti rán aṣọ,” ló wí. “Mi ò fẹ́ kó o fi omijé lójú rìn lọ síwájú ìjọ.”

Oṣù parí, àyè mi bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìyá mi ní bóyá Ọlọ́run ló gbà wá lọ́wọ́ ewu ìrìnàjò náà. Inú máa ń bí mi tó bá ti sọ ọ́, nítorí Ọlọ́run kọ́ ló ṣe é. Nígbà tí Bàbá jẹ́ tíṣà kékeré, náírà kan ju dọ́là kan lọ, ó sì ní nígbà náà ẹni tó bá ń sá lọ òkè òkun ni wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn tó jẹ adùn ìgbà yẹn ló ń sọ fún wa báyìí pé ká fara dà á. Náírà kan kò kúrò nínú owó bàbá mi o. Ó kàn súnkì níbi tó jókòó sí, òun àti ọdún márùndínlógójì tó wà nínú rẹ̀.

Ìlú Ọ̀yẹ́ ni mo ti ń ṣe tíṣà báyìí. Lórí fóònù, èèyàn lè wo iye tí pọ́n-ùn jẹ́ lọ́jọ́ èyíkéyìí tó ti kọjá. Mo máa ń wo ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn bí ẹni ń họ egbò. Mo ti dá ìjọba lẹ́bi, mo ti dá léèsì lẹ́bi, mo sì mọ ẹni tó ní ká dúró. Bàbá kò dá mi lẹ́bi rí. Ì bá bú mi lẹ́ẹ̀kan péré, ǹ bá sunkún, ǹ bá bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ẹni tó búni là ń bẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó jó?