Ọjọ́ Tí Wọ́n Pè Mí Ní Wolé-wolé

Ọjọ́ tí gbogbo agboolé kan sá fún mi ní Ajah kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ọdún kejì mi ní yunifásítì ni, mò ń kọ́ iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwùjọ. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní kí n lọ fọ̀rọ̀ wá àwọn opó lẹ́nu wò. Ọ̀gá náà ní àwọn ń bọ̀ wá wò mí lọ́sàn-án. Bí àwọn ò bá bá ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ mi, mo fìdí rẹmi nìyẹn.

Mo wọ bàtà tó ń dán, mo fi fáìlì há abíyá, mo wọ agboolé àwọn apẹja tí àwọn opó náà ń gbé. N kò tíì kí wọn tán tí ẹnì kan fi pariwo, "Wolé-wolé dé o!" Ẹni tí tanwíjí bá wà nínú omi rẹ̀, kóòtù ló ń lọ. Ni wọ́n bá da omi ìkòkò nù, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ó ku èmi àti ẹja tó fẹ́ jóná lórí ààrò. Ó kù díẹ̀ kí n bú sẹ́kún. Àmọ́ ọmọ ẹlẹ́ja ni mí. Mo ju fáìlì sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹja.

Ìyá arúgbó kan yọjú lẹ́yìn ilé, wọ́n wò mí títí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jáde jàre! Wolé-wolé wo ló ń yí ẹja?"

Ni àwọn opó náà bá jáde, wọ́n yí mi ká, ọ̀rọ̀ ń tú jáde lẹ́nu wọn bí omi. Nígbà tí ọ̀gá mi dé, èéfín ti sọ ọwọ́ mi di dúdú.

"Fáìlì rẹ dà?"

Mo nawọ́ sí ìyá náà. Wọ́n ń fi fáìlì náà fẹ́ná fún ẹja tuntun.

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo yege. Fáìlì yẹn ṣì wà nílé mi, òórùn ẹja ò tíì kúrò lára rẹ̀.