Ọjọ́ Orí Ilé, Ọjọ́ Orí Ọ́fíìsì

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọ̀pọ̀ àwọn bàbá tó wà ní ìjọ wa ní Èjìgbò l'Ékòó ló ní ọjọ́ orí méjì: ti ilé àti ti ọ́fíìsì. Ti ilé ni èyí tí ìyá wọn mọ̀. Ti ọ́fíìsì ni èyí tí wọ́n lọ búra fún ní kóòtù, kí iṣẹ́ ìjọba lè gbà wọ́n, kó sì pẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń dúpẹ́ ọjọ́ ìbí, pásítọ̀ á kàn ní, "Bàbá wa tún ti dàgbà sí i," gbogbo ìjọ á rẹ́rìn-ín, a ó sì jẹ kéèkì tí kò ní nọ́ńbà lórí. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì nìyẹn.

Bàámi náà ní méjì. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, olùkọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan ní Ìsọlọ̀, wọ́n sì mọ ìyọkúrò dáadáa: ẹni ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n nígbà tí wọ́n ríṣẹ́, ìwé kóòtù sọ wọ́n di ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n.

Àárò àwọn òwúrọ̀ ìgbà náà ní Ailegun, àdúgbò wa ní Èjìgbò, ń sọ mí. Yàrá méjì péré ni a ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ nínú ilé tí Bàámi ń kọ́, búlọ́ọ̀kù ìyókù wà gbayawu. Òórùn pólíṣì bàtà, dùndún nínú epo gbígbóná, orin àdúrà tí Bàámi máa ń dá pẹ̀lú ohùn Èkìtì wọn. Ọdún márùn-ún tí ọ́fíìsì ṣì jẹ wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì lọ́gọ́ta ọdún ni Màámi gbójú lé láti parí ilé náà.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Bàámi pé ọgọ́ta ọdún, ti ilé, ni wọ́n dá àdúrà òwúrọ̀ dúró.

"Ọgọ́ta ni mo fẹ́ dúpẹ́ fún. Ṣé kí n wá sọ ọgọ́ta fún Ọlọ́run, kí n sọ márùndínlọ́gọ́ta fún ìjọba?"

"Dádì, kò sẹ́ni tí kì í ṣe é," ni Màámi wí. "Ẹ dúpẹ́ yín, ẹ má dárúkọ iye ọdún. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n."

"Ó mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá mi rín in.

Ní ọjọ́ Ajé, Bàámi kọ lẹ́tà láti jẹ́wọ́ ọjọ́ orí wọn gan-an, wọ́n gbé e lọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀, ó ní kí wọ́n lọ sinmi, bóyá ibà ni. Bàámi tún kọ òmíràn. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́, wọ́n pe ọgọ́ta ketekete nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn bàbá tó kù sì ń wo bàtà ẹsẹ̀ wọn.

Inú bí mi gan-an. Mo ṣì ń kí Bàámi láàárọ̀, ṣùgbọ́n orúnkún mi kì í kan ilẹ̀ mọ́. Wọ́n rí i.

Bàámi wá ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìnnì nínú pálọ̀ wa lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Ògiri tí a kò rẹ́ ni pátákó wọn. Orí búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìṣirò sí. Ọdún tó gorí ọdún ni Màámi fi ń kùn nítorí ògiri yẹn. Ibẹ̀ lèmi náà ti mọ ìṣirò. Kí n má parọ́, n kò tọrọ àforíjì rí.

Lọ́dún tó kọjá tí Bàámi kú, èmi àti Màámi lọ tẹ ìwé ìkéde òkú ní Èjìgbò. Òǹtẹ̀wé, ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, rọra béèrè pé, "Màmá, ọjọ́ orí wo la máa kọ? Ti ilé àbí ti ọ́fíìsì?"

Màámi dá a lóhùn.

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ọ̀kan ṣoṣo ni tiwọn."

Àwòrán Bàámi wà lórí tábìlì òǹtẹ̀wé náà. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù, orúnkún mi méjèèjì sì kan ilẹ̀.