Eku Inú Pańpẹ́

Òórùn irun eku tó jóná ló máa ń gbé mi padà sí abà kan lẹ́yìn Ìdèrè. Iṣẹ́ ìròyìn ló gbé mi débẹ̀. Mo tẹ̀ lé àwọn olùwádìí tó ń fi pańpẹ́ mú eku, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó ní kòkòrò ibà Lásà. Ọ̀gá wọn, obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, bá àwọn ọkùnrin abà sọ̀rọ̀ níwájú mọ́ṣáláṣí: “Ẹ má fọwọ́ kan eku tó bá kó sí pańpẹ́ wa o.” Wọ́n ní àwọn gbọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé gbogbo abà ti gbọ́, bẹ́ẹ̀ etí mi ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, pańpẹ́ tí a dẹ sí yàrá ìyá onígaàrí kan ṣófo. Ìyá náà gbé abọ́ kan tó fi ewé bò wá bá wa. Eku wa ló wà níbẹ̀: ó ti wi í, ó ti fọ inú rẹ̀, ó sì ti fi iyọ̀ pa á. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá bá ẹran nínú pańpẹ́ ẹlòmíràn kì í jí i. Ńṣe ló máa ń tọ́jú rẹ̀ de olówó rẹ̀.

“Ẹ kà á o,” ló wí. “Orí kan, ẹsẹ̀ mẹ́rin. Mi ò jalè.”

“Màmá, ọwọ́ lásán lẹ fi tún un ṣe?”

“Ṣé kí n fi ẹsẹ̀ tún un ṣe ni?”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi ọ̀gá. Ojú ọgbẹ́ tí ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ dá sí àtàǹpàkò ìyá ló ń wò. Ó fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ náà fún un, ó sì fún ọmọ rẹ̀ obìnrin ní nọ́ńbà fóònù: bí ara ìyá bá gbóná pẹ́nrẹ́n, kó pè.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ibà fi dé. Àwọn ará ilé rẹ̀ rò pé ibà tí wọ́n mọ̀ ni, wọ́n ń fún un ní àgbo. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n tó pè. Ọsibítù ló kú sí.

“Wọn ò jẹ́ ká wẹ òkú ìyá wa,” ọmọ náà sọ fún mi lórí fóònù. Ó tún béèrè pé: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ sọ fún Màmá pé kí wọ́n má fọwọ́ kan eku yẹn?”

Mo ní, “A sọ fún àwọn ọkùnrin.”

Láti ìgbà náà, ibi yòówù tí wọ́n bá ti pe ìpàdé fún wa, ẹ̀yìnkùlé ni mo kọ́kọ́ ń lọ.