Ìdámẹ́wàá Òwú Moreshwar

Gbogbo àdúgbò Sadashiv ní ìlú Pune, nílẹ̀ India, ló ń sọ ìtàn yìí, kálukú sì ní bó ṣe máa ń fi iyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n Sumati nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká gba tirẹ̀ gbọ́. Ọjọ́ rakhi ni, ọjọ́ tí obìnrin máa ń so òwú aláràbarà mọ́ ọrùn ọwọ́ arákùnrin rẹ̀, tí ìyẹn náà á sì fi owó lé e lọ́wọ́. Sumati ti so òwú mọ́ ọwọ́ àbúrò rẹ̀, Moreshwar, ó ti fi ohun dídùn sí i lẹ́nu. Moreshwar na àpòòwé sí i. Sumati kì í ṣí àpòòwé lójú ẹni tó fún un, ṣùgbọ́n ojú àbúrò rẹ̀ ń dán ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ṣí i. Ẹgbẹ̀rún kan àti rupee kan ló máa ń wà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún àti rupee kan ló bá níbẹ̀.

"Moru, ọgọ́rùn-ún kan dà?"

"Mo ti yọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Owó orí ni. Ẹ lọ béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba."

"Rupee kan tó wà lórí ẹ̀ yìí ńkọ́? O ò yọ lára tiẹ̀?"

"Ìyẹn ti àdúrà ni. Ìjọba ò lọ́wọ́ sí àdúrà."

Sumati ò bá a jà. Ó dìde, ó mú àlùmọ́gàjí lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó fa ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mọ́ra, ó sì gé ìdí òwú tó so mọ́ ọn, ó tó ìwọ̀n ìka kan.

"Èmi náà ti yọ tèmi," ó ní. "Lọ béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba."

Moreshwar Gadre ti di olóògbé báyìí. Aago ọwọ́ ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tún ṣe, ṣùgbọ́n pátákó ara ògiri ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Kò sí nǹkan tó bí i nínú tí kò kọ sí pátákó. Èyí tó wà lẹ́nu géètì kà pé: "Ẹ tẹ aago ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan. A ti dàgbà, a ò dití." Èyí tó wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn kà pé: "Láti aago kan sí mẹ́rin, a ń sùn. Bí ilé bá ń jó, ẹ pe panápaná. Ẹ má pe wá."

Ilé alájà kan ni bàbá wọn fi sílẹ̀ fún òun àti Sumati. Òkè ni àwọn méjèèjì ń gbé, torí Sumati ti padà wálé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ìsàlẹ̀ ni dókítà eyín kan, Rujuta Apte, yá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì rupee lóṣù, owó yìí làwọn òkè sì fi ń jẹun. Ọdún ń gorí ọdún láìsí wàhálà, títí iṣẹ́ Rujuta fi gbòòrò débi pé akáǹtáǹtì rẹ̀ sọ fún un pé òfin ti mú un báyìí, ó gbọ́dọ̀ máa yọ ìdámẹ́wàá owó ilé sílẹ̀ fún ìjọba kó tó san ìyókù fún onílé. TDS ni wọ́n ń pè é. Rujuta gòkè wá ṣàlàyé. Ìbá ti dúró sísàlẹ̀.

"Bàbá, láti oṣù yìí lọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni mo máa máa yọ nínú owó ilé."

"Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Owó orí yín ni. Mo máa san án fún ìjọba lórúkọ yín."

"Ṣé mo jẹ ìjọba lówó ni?"

"Ó jọ pé ẹ ò jẹ wọ́n. Owó tó ń wọlé fún yín ò tó iye tí wọ́n ń gba owó orí lé lórí."

"Mi ò jẹ wọ́n, o wá fẹ́ máa fi owó mi san gbèsè tí mi ò jẹ."

"Wọ́n á dá a padà fún yín tọ́dún bá parí, tẹ́ ẹ bá béèrè."

"Kí n béèrè owó ara mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Moreshwar wo Sumati. Sumati wo àjà. Ọ̀rọ̀ náà ò yé ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí kan ẹni tó ń ṣàlàyé.

Rujuta tún ní òun nílò nọ́ńbà owó orí bàbá. Moreshwar ní àárín òun àti ìjọba ni nọ́ńbà yẹn wà. Rujuta ní bí kò bá sí nọ́ńbà, ìlọ́po méjì ni òfin ní kóun yọ. Kíá ni bàbá wọlé, ó gbé káàdì jáde nínú áńkáṣíìfù, ó nà án sí dókítà, ó sì fi àtàǹpàkò bo ìparí nọ́ńbà náà. Rujuta kọ èyí tó rí, ó ń dúró. Àtàǹpàkò ò kúrò. Láti ilé ìdáná ni Sumati ti ka ìyókù jáde ketekete, torí Moreshwar ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú agboòrùn rẹ̀ tó kọ́ síbẹ̀, kó má baà gbàgbé.

Láti ìgbà náà ni Moreshwar ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdámẹ́wàá owó gbogbo ènìyàn. Ó yọ ti onímílíìkì, ó yọ ti Sumati lọ́jọ́ rakhi, ó yọ ti Tukaram onígbàjámọ̀. Ṣùgbọ́n Tukaram ti gbọ́ ohun tí Sumati fi òwú ṣe. Nígbà tí Moreshwar tún lọ gẹrun, Tukaram fi ìdì irun kan sílẹ̀ láìgé lókè etí òsì rẹ̀, ó ní ìyẹn ni ìdámẹ́wàá ti ìjọba.

Ẹ̀rín ni gbogbo èyí, títí pátákó tuntun fi yọ lẹ́nu géètì ṣáájú Diwali, ọdún àtùpà wọn: "Dókítà eyín ń kó lọ ní Diwali. Ẹni tí kò mọ nǹkan yọ ló lè gba ibẹ̀." Rujuta jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń sunkún. Ara ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n kan àga tó fi ń tọ́jú aláìsàn mọ́, ọ̀nà ibẹ̀ sì làwọn aláìsàn rẹ̀ mọ̀. Ó dun Sumati náà. Orúnkún kì í jẹ́ kó jáde mọ́. Rujuta nìkan ló ń gòkè wá bá a mu tíì nírọ̀lẹ́, tí wọ́n á jọ máa rojọ́ nígbà tí Moreshwar bá ń bá aago jà. Ó fẹ́ràn ọmọ yìí bí ẹni tó bí i. Òun náà ò mọ orí, kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ owó orí yìí, ṣùgbọ́n pé kí Rujuta má lọ, ìyẹn dá a lójú.

"Tún un sọ fún mi," ó ní. "Ta ló yọ ọ́?"

"Èmi ni, màmá."

"Ọwọ́ ta ló wà?"

"Ọwọ́ ìjọba."

"Ta ló ni ín?"

"Bàbá ló ni ín."

Sumati rò ó sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé tíì síwájú àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú shankarpali, ìpápánu ṣúgà tí wọ́n fi ìyẹ̀fun dín. Mẹ́wàá ni Moreshwar máa ń jẹ látìgbà èwe. Mẹ́sàn-án ló wà nínú àwo.

"Ẹyọ kan ò sí níbẹ̀."

"Mo ti yọ ọ́."

Moreshwar rò pé ẹ̀fẹ̀ òwú náà ni kò tíì tán. Kò rí agolo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúbọ ilé ìdáná, tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, tí ẹyọ kan ń wọ̀ lójoojúmọ́.

Nígbà tí Diwali ku ọ̀la, páálí ẹrù Rujuta ti to sí ẹnu ọ̀nà. Sumati gbé agolo síwájú àbúrò rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé ọmọrí rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Tìẹ ni. Gbogbo èyí tí mo ti ń yọ."

"Ẹ ṣí i ká jẹ ẹ́."

"Béèrè."

"Ṣé orúkọ mi kọ́ ló wà lára ẹ̀ ni?"

"Orúkọ ẹ ni. Béèrè."

"Kí n béèrè ohun tó jẹ́ tèmi?"

"Torí pé tìẹ ni lo fi lè béèrè ẹ̀. Ká ní kì í ṣe tìẹ ni, olè là bá máa pè ọ́."

Moreshwar ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ọkùnrin tí kì í ní kí wọ́n bá òun na iyọ̀, tó máa ń tẹjú mọ́ iyọ̀ títí ẹlòmíràn á fi gbé e wá, òun ni wọ́n ní kó béèrè. Tíì tutù. Nísàlẹ̀, wọ́n ń wọ́ páálí. Nígbà tó yá, ó dìde, ó wọlé lọ mú ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì. Sumati rò pé òun ni pátákó kàn. Moreshwar jáde, ó gbé pákó kékeré kan lé orí tábìlì, ọ̀dà ara rẹ̀ ò tíì gbẹ: "Moreshwar Gadre ń béèrè shankarpali rẹ̀. Kó má pẹ́."

Sumati gbé ọwọ́ kúrò lórí ọmọrí.

Moreshwar jẹ ẹ́ lọ díẹ̀, ó gbójú sókè. "Ṣé gbogbo ẹ̀ ló pé?"

"Mi ò fẹnu kan ẹyọ kan."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ ìjọba?"

"Èmi ò mọ̀ o. Béèrè ká wò ó."

Moreshwar sọ̀kalẹ̀, ó yọ pátákó ẹnu géètì. Ó sọ fún Rujuta pé ọ̀dà ara rẹ̀ ni kò dáa, ó sì gbé páálí kan padà sínú ilé ìtọ́jú eyín, ó gbé e sí ibi tí kò yẹ.

Nígbà tí ọdún yípo, akáǹtáǹtì Rujuta bá Moreshwar béèrè lọ́wọ́ ìjọba. Owó náà wọlé pé pérépéré, pẹ̀lú èlé díẹ̀. Èlé yìí tún dá kún ìdààmú rẹ̀, ó ń bi gbogbo ará ilé pé ìgbà wo lòun yá ìjọba lówó. Ó wá yípo àdúgbò, ó ń dá ìdámẹ́wàá oníkálukú padà pẹ̀lú èlé. Tukaram ní òun ò mọ irun tóun máa gé dá padà, ó ti hù pọ̀ mọ́ ìyókù.

Rakhi tún dé. Ẹgbẹ̀rún kan àti rupee kan ló wà nínú àpòòwé.

"Ọgọ́rùn-ún èṣí ńkọ́?" Sumati bi í.

"Ẹ̀yin náà ṣì mú òwú mi dání. Ṣé ẹ ti ń béèrè nìyẹn?"

"Rárá o. Mo kàn ń wádìí ni."

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè nínú wa, òun ni wọ́n borí."

Moreshwar kú nínú òtútù oṣù January, lójú oorun ọ̀sán. Aago kan sí mẹ́rin ni. Sumati rí i pé ó ti pẹ́ jù, ṣùgbọ́n nítorí ohun tó kọ sára pátákó, ó dúró títí aago mẹ́rin fi lù kó tó wọlé lọ jí i.

Lọ́jọ́ rakhi ọdún náà, Rujuta gbé tíì gòkè wá, ó bá a níwájú àwòrán àbúrò rẹ̀ lára ògiri. Sumati ti mú òwú kékeré tó gé lọ́jọ́sí jáde nínú agolo tó fi pamọ́ sí. Ó so ó mọ́ ìṣó tí àwòrán kọ́ sí, ó pẹ́ kó tó dì.

"Mo ti dá tìẹ padà, Moru."

"Màmá, ọgọ́rùn-ún tiyín wá ńkọ́?" Rujuta bi í.

Sumati rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dé ìdajì tí omi fi lé sí i lójú.

"O ti borí mi," ó ní fún àwòrán náà. "Mo ń béèrè."